Ẹ̀rọ Náà Bi Mí Bóyá Ó Dá Mi Lójú

Adúmáradán, ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ka gbogbo ohun tí ojú mi rí ní ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí fún ọ, kí o lè mọ̀ pé orí mi pé. Ewúrẹ́ méjì lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní ìnusẹ̀ bí ẹni tó wá gbàwé ẹ̀rí. Bàtà ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀. Ife tíì àná. Fáìlì mọ́kànlá lórí tábìlì mi: èmi ni mo fi okùn di mẹ́wàá, ẹlòmíràn ló di ìkọkànlá. Ojú ara mi nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà kí n tó tàn án. Nígbà tí mo tàn án, orúkọ rẹ.

Wàyí o, mo kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ le? Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìẹ á ṣọ́ ọ láàárín èrò. Ọ̀nà tí ò ń gbà lójoojúmọ́ ò ní dàrú mọ́ ọ lójú. Èmi náà wà, mò ń jẹun. Òrùlé ẹ̀yìn tó ń jò ti dẹ́kun, nítorí òjò ò rọ̀. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ti ra ẹ̀rọ tuntun, ó ń ránṣọ tí ògiri wa fi ń gbọ̀n. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Mo kó àlùbọ́sà sí i, ṣùgbọ́n mi ò kó o sí apá ibi bẹ́ẹ̀dì.

Iṣẹ́ wa ti yàtọ̀ sí bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ìjọba ní kí gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ wa wọ inú kọ̀ǹpútà: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó kú, ẹni tó ń gbé ilé wo. Tẹ́lẹ̀, olórí yàrá ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fáìlì, ni kọ̀ǹpútà wa. Bí o bá béèrè ìwé ẹnikẹ́ni, wọ́n á dijú, wọ́n á ní ó wà lábẹ́ fèrèsé, ìpele kẹta, eku ti jẹ igun rẹ̀ kan. Ìjọba ní bí Bàbá bá fẹ̀yìn tì ńkọ́? Bàbá ní àwọn ò ní fẹ̀yìn tì. Ni wọ́n bá rán olùkọ́ sí wa, ọmọge kan báyìí tí a sọ ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí ohun tó ń sọ fún wa láti àárọ̀ títí a fi ń ṣíwọ́ nìyẹn.

Ó ní kí kálukú wa mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí yóò máa fi ṣí kọ̀ǹpútà. Bàbá Fáìlì ní ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ìjọba gbọ́dọ̀ ní fáìlì. Wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n kọ Ọ̀RỌ̀ ÀṢÍRÍ gàdàgbà sí ara rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó má baà sọnù. Bí o bá gbàgbé tìrẹ, o buwọ́ lùwé, o wò ó, o dá a padà. Lọ́jọ́ tí Má-fọwọ́-kàn-án rí i, ńṣe ló jókòó, ó káwọ́ lérí. Bí ètò wa ṣe gún régé ló wú u lórí.

Ọmọ mi, mò ń yí ọ̀rọ̀ po. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọwọ́ mi. O ní ilé ìwé rẹ ò ní forúkọ rẹ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá àfi bí àkọsílẹ̀ ìbí rẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa, tó ti wà ní ìwé ìlú tí ò ń gbé, ó pẹ́ tán Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fèsì pé iná ò sí. Mo tún fèsì pé ara kọ̀ǹpútà ò yá. Iná wà. Ara kọ̀ǹpútà le ju tèmi lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí lẹ́tà rẹ ti ń dé, àkọsílẹ̀ ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi fi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ mi ni. Tìrẹ ni mò ń fò.

Ohun tó fà á ni pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Tiwa kà báyìí pé: ènìyàn inú ilé, méjì. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí o ti lọ, ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń kà wá pọ̀. Má-fọwọ́-kàn-án sì ti là á yé wa pé iye tó bá wà níbẹ̀ ni ìjọba yóò máa wò kí wọ́n tó pín omi, ilé ìwòsàn, ilé ìwé. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá dé orí pípín àga, ẹyọ kan ni wọn yóò gbé sílẹ̀ fún mi. Bí o bá wá sílé, orí kí lo fẹ́ jókòó sí? Mo bi Bàbá Fáìlì bóyá ìwé tó bá lọ lè padà. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí àwọn ti ń fìwé ránṣẹ́, àwọn ò tíì rí ọ̀kan kó padà. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní bóyá ọ̀nà ni ò dáa.

Fáìlì ìkọkànlá tí mo rí láàárọ̀ yìí, ìwé rẹ ló wà nínú rẹ̀. Bàbá ló dì í síbẹ̀. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo tẹ orúkọ ìlú yín. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "fi ránṣẹ́" sí. Ni kọ̀ǹpútà bá dá mi dúró, ó kọ ọ́ sáàárín gíláàsì:

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ó ti bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta rí, kíá ni mo sì máa ń dá a lóhùn, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni. Èyí ni mi ò lè dá lóhùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá mú ọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, bàbá rẹ ò tíì lo oṣù mẹ́fà nínú sàréè. Àwọn àgbà jókòó sí pálọ̀, èmi wà nílé ìdáná, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n ro ti ilé ìwé, wọ́n ro ti owó ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ké sí mi bi ni pé ṣé aṣọ rẹ ti gbẹ. Mo ní kò tíì gbẹ. Wọ́n ní á gbẹ lójú ọ̀nà. Ó ti gbẹ, ọmọ mi. Ó ti gbẹ láti àná rẹ̀. Bí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa bá ń bá a ka lẹ́tà yìí, ẹ má bínú, mà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fo ibí yìí.

Mo wá jókòó síwájú ẹ̀rọ tó fara balẹ̀ bi mí, tó sì ń dúró de ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ tó ní kọjá kí n kàn ju èsì sí i. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá ni mo lò. Bó bá ti fẹ́ sùn, tí gíláàsì ń ṣókùnkùn, màá rọra fọwọ́ kàn án, màá ní kó má bínú, mò ń rò ó lọ́wọ́ ni. Má-fọwọ́-kàn-án wá bi mí ohun tó dé. Mo ní ó bi mí ní nǹkan ni. Ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń bi bẹ́ẹ̀. Mo ní a jẹ́ pé ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ẹ̀rọ náà dàgbà. Ọmọge náà fa àga kan, ó sì jókòó tì mí.

Ìgbà tó yá, mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ó dá mi lójú pé o gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò yẹn. Ìyókù ò dá mi lójú, àmọ́ wọn ò fi àyè ìyókù síbẹ̀. Ojú ewé ilé wa yí fúnra rẹ̀: ènìyàn inú ilé, ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí èsì fi dé láti ìlú yín pé wọ́n ti gbà á. Mo ní kí Má-fọwọ́-kàn-án bá mi kí ẹni tó gbà á. Ó ní òun á kí i.

Awakọ̀ tó ń gbé pákó ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la. Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́. Mú un lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má ṣe bí mo ṣe ṣe. Bí owó díẹ̀ bá sì wà nínú irun tí ò ń dì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, fi ra káàdì ìpè, kí n gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ojú fèrèsé ni mo máa gbé fóònù sí, kó lè máa wo ọ̀nà. Bí owó bá ṣẹ́kù, fi ránṣẹ́ fún òrùlé, òjò ò ní pẹ́ dé mọ́.

Ìdánwò náà, wàá ṣe é yege. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ka orúkọ rẹ, rere ni wọ́n á kà á sí. Ẹni tó gba ìwé rẹ ò ní sọ ọ́ nù.

Èmi ìyá rẹ ni. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ọ̀sán gangan, ni mo kọ èyí tán, mo fẹ́ dùbúlẹ̀ díẹ̀.