Ọmú Tí Mo Fún Ọmọ Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́mọ lọ́mú tí mi ò gbọdọ̀ fún un.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ yín. Àmì dúdú ẹsẹ̀ mi ti di jẹjẹrẹ awọ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ onítànṣán, kí ẹ̀rọ lè rí ibi tí jẹjẹrẹ sá sí nínú ara mi. Nọ́ọ̀sì ní, “Ìyá, ṣé ẹ ṣì ń fọ́mọ lọ́mú? Oògùn yìí máa ń bá ọmú jáde.”

Ojú tì mí. Ọmọ ti ń sáré, ìyá ọkọ mi sì máa ń ní, “Ṣé ó máa mu ọmú wọ ilé ìwé ni?” Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé mo ti já a lẹ́nu ọmú.

Mo ti ara mi mọ́ yàrá kí ọmọ má bàa rí ọmú mu, àmọ́ ó sunkún títí lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣílẹ̀kùn, mo sì fún un. Mi ò lójú tí mo fẹ́ fi wo nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ́nà. Ẹ tẹ̀lé dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì.