Dókítà Eyín Wọ Ṣọ́ọ̀bù Àsíá Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Òjò láti àárọ̀. Lónìí ni Ọjọ́ Àwọn Tí Kì í Tètè Jí. Èmi ni mo dá a sílẹ̀ — ẹni tó bá ń bínú kó pè mí lẹ́jọ́. Mo ya ìrọ̀rí tó dé adé, Ìkejì mi rán an. Ọ̀sán gangan la tó fà á gòkè lórí òpó iwájú ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe yẹ.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn: èmi a yà, ìbejì mi a rán. Àsíá ẹ̀fẹ̀ fún àwọn ọjọ́ tí ìjọba ò mọ̀ sí, àti fún ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni tó bá lówó tí kò nítìjú.

Ọkùnrin kan sáré wọlé nítorí òjò. Dókítà eyín ni, láti ìlú kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá kí. Eyín tiẹ̀ funfun débi pé mo fẹ́ fọwọ́ bojú. Ó wo ìrọ̀rí ọba wa, ó ní òun náà fẹ́ àsíá fún Ọjọ́ Eyín Dídùn: kí n ya eyín tí kòkòrò ti jẹ, kó sì máa rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ ní Eyín-Funfun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Eyín-Funfun wá gba àsíá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún fẹ́ òmíràn, fún ọjọ́ ìbí àga tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ìbí àga! Irú wèrè tí mo fẹ́ràn nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó gba ti àga. Ó tún fẹ́ ti Ọjọ́ Búrọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Eyín-Funfun tún dé. Kò ra nǹkan kan. Ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ó kọjá títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo wo dígí dáadáa. Ojú yìí ò tíì burú. Mo lọ ra ìkunra ètè pupa — má bi mí ní ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Ó wọlé, ó kí mi, ó na ọrùn bíi ti ògòǹgò wo ẹ̀yìn mi. "Ṣé ìbejì yín ò sí nílé ni?"

Mo ti nu ètè mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìkejì mi pa ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọjú sí mi. Ó ní Eyín-Funfun ti dẹnu ìgbéyàwó kọ òun, òun sì ti gbà. Bí a bá ti ṣe ọjọ́ ìbí wa tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kó lọ sí ìlú rẹ̀.

Mo bi í pé ta ni yóò máa ránṣọ. Ó ní aránṣọ pọ̀ bíi yanrìn. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò wá aránṣọ, ìwọ ni mo fẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé eyín ọkùnrin yẹn kì í ṣe tiẹ̀.

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní: "Látọjọ́ tí wọ́n ti bí wa ni mo ti ń tẹ̀ lé ẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ jáde. Ìwọ lo kọ́kọ́ rìn. Ìwọ lo kọ́kọ́ ríṣẹ́. Jẹ́ n dé ibì kan tó ò tíì dé."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù láago méjì ọ̀sán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A ò bára wa sọ̀rọ̀. Mo fi ìbínú fọ abọ́. Ọ̀kan fọ́. Tiẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àsíá ọjọ́ ìbí wa. Mo ya eyín ràgàjì tó gé abẹ́rẹ́ sí méjì. Ènìyàn ò nílò atúmọ̀. Mo jù ú síwájú Ìkejì mi.

Ó wò ó. Ó rán an, ó tún fi òwú tó ń dán yí eyín náà ká kó lè máa kọ mànà. Ó rán an dáadáa jù. Ó dùn mí ju kó fà á ya lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Àádọ́ta ọdún. Màámi dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, èyí tí kò nílò ọ̀pá.

Mo fa àsíá gòkè. Eyín-Funfun dé, ó gbójú sókè. Mo dúró de ìjà — mo tiẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ dání. Ọkùnrin yìí di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní tá a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, ṣé òun lè gbé e kọ́ síbi táwọn aláìsàn ti ń dúró de òun? Ẹ gbà mí. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bú irú èyí?

Màámi bi í pé, "Ìwọ lo fẹ́ gbé ọmọ mi lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀kan ni àbí méjèèjì?"

"Ọ̀kan ló gbà fún mi, mà."

Màámi bá yíjú sí mi. "Inú mi ni ẹ ti ń fún ara yín mọ́lẹ̀. Àyè ò tó. Látìgbà yẹn ni mo ti ń retí kẹ́nì kan sún díẹ̀."

Ìkejì mi rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fajú ro. Kò ṣeé ṣe.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó lọ. Mo bá a gbé àpótí dé ibùdókọ̀. Mo ní kó máa jẹun. Òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ — ta ni kì í jẹun?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìyá àgbà kan wá láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ á pé ọgọ́rin ọdún lọ́la. Ó fẹ́ kí n ya bàbá náà níbi tó ti lanu gbàgà, tó ń hanrun. "Kó rí ohun tí mo ti ń fara dà."

Mo yà á. Ó dára. Ẹnu bí ihò àpáta. Mo na bébà sápá òsì láti gbé e fún Ìkejì mi — kò sẹ́nì kankan.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ fúnra mi. Òwú já. Òwú tún já. Mo bú ẹ̀rọ, ó gún mi lábẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo fi máa ṣe tán, mo ti rán ẹnu bàbá yẹn pa. Ètè lé ètè.

Ìyá náà padà dé, ó wò ó títí. "Ọkọ ta nìyí? Ẹ bá mi mú un wá, mo ti ń wá a látọjọ́ tí mo ti relé ọkọ." Ó ní kí n tún un ṣe ṣá o, òun á yà wá mú un láàárọ̀ ọ̀la.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Mo pe Ìkejì mi. Ó gbé fóònù kó tó dún dáadáa. Mo ròyìn fún un, ó kígbe ẹ̀rín, mo gbọ́ tí Eyín-Funfun ń béèrè lẹ́yìn pé kí ló dé.

Ó ní, "Tú u. Etí aṣọ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láàárín. Má sì pa fóònù."

Mo gbé fóònù kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.