Bí Mo Ṣe Na Ọwọ́ Sẹ́yìn

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Wọ́n tún ti sún ìdíje wa síwájú. Kóòṣì ní ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ò tíì parí, pápá yunifásítì ṣì wà ní títì.

Mo ń fọ abọ́ nígbà tí Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, dé ẹ̀yìn mi pẹ̀lú ṣíbí. "Gbà!" Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojúwẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi sì ti gbéra.

"Eléré ìje! Ṣíbí lásán ni o, má gbé e sáré dé ibùdókọ̀ Jíbówú."

A jọ rẹ́rìn-ín. Àfi bí omi ṣe bọ́ lójú mi.

"Gbà!" yẹn ni Kúdí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sáré títí di òní, máa ń pariwo tó bá fẹ́ fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́ nínú eré ríléè, nígbà tí a wà ní girama ní Ìpọ̀nrí. N kì í bojú wẹ̀yìn. Mo kàn máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pá ti dé. Inú mi máa ń dùn nígbà yẹn… Ní báyìí, bí wọ́n ṣe ń sún ìdíje síwájú lemọ́lemọ́ yìí ti mú kí gbogbo rẹ̀ sú mi.

Tí n ò bá sáré mọ́, kí ni mo wá jẹ́?

Mo pe Kúdí. Mo ní n kì í rí oorun sùn mọ́ nítorí ìdíje tí wọ́n ń sún yìí.

"Háà, ìwọ náà? Mo rò pé èmi nìkan ni!"

A máa lọ sọ fún kóòṣì lọ́la pé ọkàn wa ò balẹ̀ mọ́. Kúdí ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ní màá sọ ọ́.