Mo Rí Ẹni Tó Tẹ Swíìṣì Náà

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló pa ọ̀rẹ́ wa. Kò mọ̀ọ́mọ̀, àmọ́ òun ni, èmi nìkan ni mo sì rí i.

Àwa mẹ́ta, èmi, Kúnlé tí mo fẹ́ fẹ́ yìí àti Ràsákì, la jọ ń ṣe ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan láti school. Oko bàbá Kúnlé lẹ́bàá Igbemo la ti ń dán an wò, a ó dè é mọ́ irin tí a fi kọnkéré rì mọ́lẹ̀, a ó sá sẹ́yìn àpò yanrìn, a ó wá fi wáyà gígùn tan iná sí i. Lọ́jọ́ yẹn Kúnlé tẹ swíìṣì, iná ò ràn. Òfin wa ni pé ká yọ bátìrì kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn, àmọ́ òjò ti ṣú, Ràsákì fọwọ́ júwe fún mi pé òun fẹ́ lọ wo wáyà, ó ti jáde... Kúnlé doríkodò, inú ń bí i, kò rí i. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí àtàǹpàkò Kúnlé, ó tún un tẹ̀. Kí n tó lanu, iná ti bo Ràsákì...

Kúnlé ló gbé e, ọwọ́ tiẹ̀ náà bó. Nínú ọkọ̀ tí à ń sáré bọ̀ l'Adó, nǹkan kan ṣoṣo ni Ràsákì ń béèrè, “Ṣé ó jó dáadáa?” Kúnlé ń sunkún, ó ní, “Ó jó dáadáa, ọ̀rẹ́ mi.” A ò tíì dé ọsibítù tó fi kú.

Kúnlé sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ́ńjìnnì náà kàn gbiná fúnra rẹ̀ ni, nígbà tí Ràsákì lọ sún mọ́ ọn láìyọ bátìrì. Wọ́n bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé mo rí òun. Láti ìgbà yẹn kì í tẹ swíìṣì kankan mọ́, kódà ti gílóòbù, inú òkùnkùn ni mo máa ń bá a, á ní wọn ò mú iná wá, iná sì wà ní gbogbo àdúgbò. Èmi náà, tí wọ́n bá ṣáná sí gáàsì lásán, òórùn ọjọ́ yẹn á dé...

Aránṣọ ni ìyá Ràsákì ní Fájuyì. Wọ́n ti sọ Kúnlé dọmọ, wọ́n máa ń fi Èkìtì sọ fún un pé ilé àwọn nilé rẹ̀, “Ulé mi ni ulé rẹ.” Àwọn ni wọ́n ń rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ìbàdí mi ni wọ́n ti ní, “Àwọn èèyàn ń sọ pé àìgbọ́ràn ló pa ọmọ mi. Ìwọ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?” Mo ní mi ò rántí. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìbàdí mi látìbẹ̀rẹ̀.

Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ kejì ni mo gbà lọ́wọ́ wọn yẹn, Kúnlé sì lè dèrò ẹ̀wọ̀n. Tí mo bá dákẹ́, òkú ni wọ́n á máa dá lẹ́bi. Ṣé kí n kọ́kọ́ kò ó lójú ni? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a gbé? Ìyá Ràsákì ti pè mí lánàá pé aṣọ ti ṣetán, kí n wá wọ̀ ọ́ wò. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lórí page yìí, tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni... ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?