Ìràwọ̀ Ń Hàn Láyà Yín

Bàbá mi, ẹni tí mò ń pè tí kò dáhùn mọ́,

Àsàlámù àlékùm. Ilé ṣì wà ní Krofrom bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Bútà àlùwàlá yín wà lẹ́nu ọ̀nà, a ò tíì lè gbé e kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí a ṣe àdúrà ogójì yín, Àǹtí Sìfáwù sì fẹ́ fótò kan tí wọ́n máa tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. A tú gbogbo páálí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fótò yín ní Asafo. Ìyàwó àwọn ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ọmọ ìkókó wọn, òkú wọn pàápàá. Ẹ̀yin fúnra yín dà? Ta ló ya ẹni tó ń ya gbogbo ayé?

Fótò kan péré wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì fi han Àǹtí.

Ṣé ẹ rántí alẹ́ tí iná lọ, dumsor tó mú gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn? Ìràwọ̀ yọ lọ́nà tí a kì í rí ní Kumasi, torí iná Race Course àti Kejetia ló máa ń bò wọ́n. Mo gbé kámẹ́rà mi sáàárín àgbàlá, mo gbé nọ́ńbà tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ sí 3200, mo sì ní kó la ojú fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá dín, ìràwọ̀ ò ní hàn dáadáa. Tó bá lé, òfurufú á ti yí, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì fà gùn bí òwú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí, nígbà tó ṣì jẹ́ ti ara páálí fíìmù. Fíìmù wọ̀bìà lẹ máa ń pe 400: ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ju 100 lọ, àmọ́ fótò rẹ̀ á rí bíi pé wọ́n da gàrí lé e.

Ojú kámẹ́rà ti là nígbà tí ẹ jáde wá ṣe àlùwàlá, tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ yín, jàlàmíà funfun lọ́rùn yín. Ẹ dúró síwájú rẹ̀, ẹ ń wò ó. Bóyá nọ́ńbà tí mo lò lẹ fẹ́ bi mí. Mo jágbe mọ́ yín ní Twi pé kí ẹ lọ: Kɔ! Ká ní Yorùbá ni mo sọ ni, ǹ bá ti fi "ẹ" síwájú rẹ̀, ohùn mi ì bá sì rọ̀ díẹ̀ kó tó dé etí yín. Twi ò ní "ẹ" yẹn. Bí a ṣe ń lé ewúrẹ́ ni mo ṣe lé yín. Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ kú.

Nínú fótò náà, ẹ dà bí èéfín. Ìràwọ̀ ń hàn láyà yín. Ojú yín ò sí. Maame Adwoa, ìyá tó ń gbé yàrá kejì, rí i lórí kọ̀ǹpútà mi, ó figbe ta: Saman! Ohun tí wọ́n ń pe òkú tó ń rìn nìyẹn. Mo pa kọ̀ǹpútà dé kíá, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni mò ń fa ìmọ́lẹ̀ fótò náà sókè. Bí mo ṣe ń fà á, gàrí ló ń pọ̀ sí i. Lánàá, ojú kan yọ nínú gàrí náà. Inú mi dùn títí mo fi rí i pé kì í ṣe tiyín. Ta ni, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Mo pa ojú náà rẹ́, n kò sì lè pa iná kí n tó sùn.

Ẹ lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin níwájú kámẹ́rà. Mẹ́rìndínlógún tó kù, tí ojú yín ì bá fi hàn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ bá ìbínú lọ ni? Ìró bàtà yín kò yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi tẹ̀lé yín.

Àǹtí pè láàárọ̀ yìí, àwọn tó máa tẹ kàlẹ́ńdà ń dúró. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán lọ́la, màá gbé fótò náà lọ bá a. Tó bá bi mí pé kí ló dé tí Bàbá ò fi dúró, màá sọ fún un pé ẹ dúró. Èmi ni mo lé yín.

Ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bí ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà lọ.