Sọ́fítíwíà Tí Yóò Gbé Ọ Dé Wòlímọ̀ Ìyá Rẹ

Agboolé Olófì,
Ìsẹ́yìn.

Mọ́nsúrù ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì tún kí ọ kú àìráyè, nítorí ó dà bí ẹni pé àìráyè gan-an ni iṣẹ́ tí o ń ṣe ní Èkó. Ṣé aya rẹ wà dáadáa? Ṣé àwọn ọmọ tí a ń gbọ́ ohùn wọn nínú fóònù kékeré mi ń jẹun? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ mú ọ, nítorí a ti gbọ́ pé bí o bá fi ọjọ́ kan péré kúrò níbi iṣẹ́, gbogbo Èkó ni yóò dojú dé.

Àwa náà wà lálàáfíà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ti ń hù, màlúù kan wọ oko ẹ̀gẹ́ Ràmọ́nì ṣùgbọ́n wọ́n ti parí ìjà náà. Mo ṣì ń hun aṣọ òkè mi, ojú mi nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí òwú mọ́. Ìròyìn tó tóbi jù ni pé ìyá rẹ, Àwáwù, tó bẹ̀rẹ̀ álífù ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ti ka Àlùkùránì já, a sì ti ṣe wòlímọ̀ rẹ̀. Ó ka tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìwọ lo ní o máa wá. Àga rẹ wà níwájú títí di ọ̀sán, nígbà tó yá a gbé àpò ìrẹsì lé e. Ìrọ̀lẹ́ lo pè, o ní kí a ṣe fídíò tí wọ́n yà níbẹ̀ sí àwo kí a fi ránṣẹ́ sí ọ, pé bákan náà ni. A dúpẹ́. Èmi ará oko ni kò tètè mọ̀ pé bákan náà ni.

Ìyá rẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwo náà. Ó fẹ́ ogún, kó lè pín in fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní Òfìkì, nítorí ẹ̀rọ àwo ni wọ́n ní, wọn kò ní fóònù ńlá. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun ń fẹ́ níbẹ̀: àkọ́bí òun gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní bí àwọn ará Òfìkì bá wò ó títí tí wọn kò rí ọ, wọn á ní ọmọ tí òun fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí ti kọ òun sílẹ̀.

A bá lọ bá Tàófíìkì tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn olùkọ́. Ó ní kì í ṣe òun ló ń ṣe àwo, sọ́fítíwíà ni, ó sì ní mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ òun, kí a yan ọ̀kan. Mo ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde wá kí wa, ó ní inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé. N kò bá a jiyàn. Ẹnì kan ṣáà ń gbé inú ẹ̀rọ báǹkì tó ń ka owó fún wa, kò sì jáde kí ẹnikẹ́ni rí.

Ẹni àkọ́kọ́ ní òun á ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gbọọrọ sí iwájú orí ìyá rẹ. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń hunṣọ, n kò kọ orúkọ mi, Ṣùkúrù, sí àyà oníbàárà kankan rí. Mo ní kó máa lọ. Ẹnì kejì, ọ̀fẹ́ ni títí ayé, kì í kọ nǹkan sí ènìyàn lára, ohun tí kámẹ́rà bá sì rí nìkan ló ń gbé sórí àwo, kì í fi kún un. Mo ní olóòótọ́ oníṣẹ́ nìyí.

Ká tó gbà á, ó gbé àdéhùn kalẹ̀, ó ní kí a tẹ ibi tí wọ́n kọ “Mo gbà” sí. Tàófíìkì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ta ló ń so yìgì láìsí ẹlẹ́rìí? Mo ránṣẹ́ pe Àlùfáà Jímọ̀ àti Ìyápọ̀ aládùúgbò wa, wọ́n jókòó, Tàófíìkì ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, láti ẹ̀yìn ìrun alaásàrí títí wọ́n fi pe mọ̀gàríbì. Gbogbo rẹ̀ kò ju pé òun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí òun kò bá rí i ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bi òun. Àlùfáà Jímọ̀ ní òun kò gbọ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní èmi ti gbọ́ ọ, irú rẹ̀ ni ọmọ mi ń bá wa ṣe ní gbogbo ọdún Iléyá. Wọ́n ka fátíà sí i, a sì tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ parí sí ni ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní Mọ́nsúrù ńkọ́? Tàófíìkì ní sọ́fítíwíà kejì yìí kò lè rí ẹni tí kò wá, ẹnì kẹta nìkan ló lè mú un wá, owó rẹ̀ sì tó owó àgbò. Ó fi àwòrán rẹ tí a lọ yọ lára ògiri ilé dán an wò, èyí tí o yà lọ́dún tí o jáde ní yunifásítì. Lẹ́sẹ̀ kan náà lo dé. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò bàjẹ́, táyà kò jò, ọ̀gá rẹ kò pè ọ́ padà. Èmi tí mo ti ń rò pé Èkó jìnnà.

Ṣùgbọ́n tìwọ ti bàtà lo gun orí ẹní àwọn àlùfáà. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tàófíìkì ní kó má dùn mí, òun lè gé ẹsẹ̀ rẹ kúrò láti orókún. Mo rò ó, mo ní kó gé e. Ẹsẹ̀ tí kò gbé ọ wálé láti ọdún mẹ́jọ, kí lo tún fẹ́ fi ṣe?

Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni inú àwòrán yìí kéré jù, àwọn ará Òfìkì á mọ̀. Tàófíìkì ní òun lè sọ ọ́ dàgbà, kí a ṣáà sọ bí o ṣe rí báyìí fún òun: ṣé o ti sanra ni, ṣé o dá irùngbọ̀n sí, ṣé ewú ti yọ lórí rẹ. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ó ń retí wa. Mo wo ìyá rẹ, ìyá rẹ wò mí. Ó ní, “Ó jọ pé ó ti sanra díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀.”

Mọ́nsúrù, ó dùn mí.

Nítorí náà, fi owó sọ́fítíwíà kẹta ránṣẹ́, àti owó àwo ogún, àti owó òwú díẹ̀ fún èmi náà. Má fi í gba báǹkì. Fọ́ọ̀mù wọn bi mí ní orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó lọ ilé ọkọ, mo ní n kò tíì dé ayé nígbà náà, wọ́n sì ní n kò lè tẹ̀ síwájú. Bí o bá sì fẹ́, fi owó náà wọ mọ́tò. Tàófíìkì ní bí o bá lè jókòó ti ìyá rẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí kámẹ́rà rí yín, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ náà tó. Ìyá rẹ ní kó má tíì ṣe àwo kankan, òun á dúró.

Ọlọ́run Ọba yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, yóò bù sí ọrọ̀ rẹ, yóò jẹ́ kí o dàgbà dàgbà. Tí o bá sì dàgbà tán, tí wọ́n bi ọ́ léèrè bí ọmọ rẹ ṣe rí, kí o mọ ohun tí o máa sọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣùkúrù.