Wàrà Pàng Ti Padà

Nhia,

Jókòó, kí o mí kanlẹ̀. Wàrà ti padà sọ́mú ìyàwó rẹ. Ọmọ ti mu yó, ó ti sùn. Fi mílíìkì agolo tí o lọ rà nílùú pamọ́.

Àbúrò mi Sính ló wá obìnrin ará Hanoi yẹn rí, tó sì mú un padà wá. Sính yìí kan náà ló kọ́kọ́ mú un wá wo òkè wa níjẹta, tí obìnrin náà fi já ewé ọmọ tuntun tí mo so mọ́ ẹnu ọ̀nà kí àlejò má baà wọlé gbé wàrà lọ, tó fi ya fọ́tò, tó sì wọlé tọ Pàng ìyàwó rẹ. Láti ọjọ́ náà ni ọmú ti gbẹ.

Mo bi obìnrin náà láàárọ̀ yìí pé, “Màdáámù, ewé wa dà? Ṣé ẹ ti fi sebẹ̀ ni?”

Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé ẹ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ni.”

Ìyá rẹ ní ẹni tó gbé wàrà lọ ni yóò dá a padà. Obìnrin náà dáná, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó se ìrẹsì àti ẹyin, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Pàng. Kò pẹ́ tí aṣọ Pàng fi tutù fún wàrà.

Mo ti so ewé mìíràn. Má jẹ́ kí àlejò kankan wọlé títí ọmọ yóò fi pé oṣù kan.

Mo ń lọ bá Sính túlẹ̀. N kò tíì gbàgbé ààlà oko tó sún wọ ilẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ìta ló dúró sí ní gbogbo àkókò tí obìnrin náà fi ń dáná, tó ń pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti ń mu?”

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí n kò bá a sọ̀rọ̀, mo dá a lóhùn. Mo ní, “Ó ń mu.”

Bàbá rẹ